Babátúndé Fáfúnwá

Àlíù Babátúndé Fáfúnwá (23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923 – 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2010), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Babs Fafunwa, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, òǹkọ̀wé, àti mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láti ọdún 1990 sí ọdún 1992. Òun ni ó ṣe agbátẹrù Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn láti kíláàsì kìíní títí dé kíláàsì kẹfà. Nígbà tí ó di mínísítà, àsìkò rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Sùlèjá. Iṣẹ́ méjèèjì yìí kan ìbéèrè kan náà: ọmọ tí ìṣirò kò tètè yé, ṣé ìṣirò fúnra rẹ̀ ni ó ṣòro fún un, àbí èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ?

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìdílé Mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí Fáfúnwá sí. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó ní ọdún 1937, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1943. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama ayé ìjọba amúnisìn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní gbogbo iṣẹ́, ìdánwò òkè òkun ni wọ́n sì fi ń mọ ọmọ tí ó yege. Àwọn ọmọ tí ó dé ibẹ̀ kò pọ̀ rárá ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kàwé ní Bethune-Cookman College ní ìlú Daytona Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Mary McLeod Bethune dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní àkókò tí òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ jókòó nínú kíláàsì kan. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1950. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí New York University, níbi tí ó ti gba oyè ìkejì ní ọdún 1951 àti oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1955. A máa ń kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ ní Nsukka

Ní ọdún 1961 ni Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí kò tíì ju ọdún kan lọ tí wọ́n ṣí i. Ó wà lára àwọn tí ó mú un dúró pé kí a lè kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gba oyè yunifásítì, kí ẹni tí yóò kọ́ni ní ìṣirò tàbí ìtàn máa kọ́ iṣẹ́ náà papọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ìkọ́ni láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé òpin. Kí ó tó di ìgbà náà, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn gba oyè rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ná, kí ó tó padà wá fi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba oyè ni kì í padà wá mọ́, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ti fà wọ́n lọ. Ìlànà tuntun náà tàn kálẹ̀ sí àwọn yunifásítì mìíràn, ó sì wà lára ohun tí ó pèsè olùkọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òmìnira.

Ní ọdún 1966 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967 ni ó mú un kúrò ní Nsukka wá sí Yunifásítì Ifẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀

Ọdún tí Fáfúnwá dé náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní ibùdó tí ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó di ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó sì di igbákejì gíwá yunifásítì náà, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987.

Ipò tí ó bá ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ tí ó ṣe. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọdún mẹ́fà ni a sì fi ń ṣe é. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ti oníṣòwò kéékèèké kún inú kíláàsì. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ wọn ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin lọ. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé níbi ìyípadà yìí ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lójú. Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà mọ̀ kò tó ohun tí ó lè fi kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, Yorùbá tí ó mọ̀ dáadáa ni a sì ti pa tì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní rí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀. Bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì kẹfà, wọn kì í lè kàwé já gaara ní èdè kankan nínú méjèèjì.

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì fọwọ́ sí i. Lára àwọn tí ó bá Fáfúnwá ṣiṣẹ́ ni Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí kíláàsì ìwádìí àti kíláàsì ìfiwéra. Ní kíláàsì ìwádìí, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ní kíláàsì ìfiwéra, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ márùn-ún ni ètò náà dá lé: èdè Yorùbá, ìmọ̀ àwùjọ àti àṣà, sáyẹ́ǹsì, ìṣirò, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú ètò náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, láti mọ̀ bóyá ohun tí ó ṣeé ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yóò ṣeé ṣe ní ibòmíràn.

Iṣẹ́ tí ó gba agbára jù ni kíkọ ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìṣirò ní Yorùbá tí ó tó ọmọ kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ní láti kọ ìwé fún ọmọ, kí wọ́n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, kí wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọn yóò ṣe lò wọ́n.

Ìṣirò ní èdè Yorùbá

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ó ṣeé kọ́ ní Yorùbá kọjá kíláàsì kẹta. Èrò wọn ni pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó, àti pé ọ̀nà tí a ń gbà ka nǹkan ní Yorùbá díjú jù fún ọmọdé.

Ní ti ọ̀nà ìkà, òótọ́ ni pé ìyọkúrò pọ̀ nínú rẹ̀. Ogún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá wo 45, àrúndínláàádọ́ta ni Yorùbá ń pè é. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Bí a bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta. Bí a bá tún yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, ó di àrúndínláàádọ́ta. Ẹni tí ó pe orúkọ yìí ti fi ẹnu ṣe ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní 45, ohun tí ojú rí ni mẹ́wàá mẹ́rin àti márùn-ún. Olùkọ́ tí yóò fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní láti fi ọ̀nà méjèèjì han ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Èyí gba àkókò, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ti ń gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò ṣàjèjì sí i.

Ní ti ọ̀rọ̀, púpọ̀ ti wà nínú èdè náà tẹ́lẹ̀. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn hàn lára wọn: ríro nǹkan pọ̀, yíyọ ọ́ kúrò, sísọ ọ́ di púpọ̀. Ìdajì, ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ó ń pín ogún fi ń sọ̀rọ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé. Èyí tí kò sí nílẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀dá tàbí tí wọ́n yá. Irú iṣẹ́ yìí kò mọ sí Ifẹ̀ nìkan. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ gbé àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè mẹ́sàn-án ti Nàìjíríà, Yorùbá sì wà lára wọn.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù ni ìṣirò oníṣẹ̀lẹ̀, èyí tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, obìnrin kan ra ọsàn 45 lọ́jà, márùn-ún bàjẹ́, ó pín ìyókù lọ́gbọọgba fún ọmọ mẹ́jọ. Mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó gbọ́ ìbéèrè yìí ní Yorùbá yóò ti mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ yọ márùn-ún, kí òun tó pín 40 sí ọ̀nà mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ni, ó lè mọ ìyọkúrò àti pínpín dáadáa, kí ó má sì mọ èyí tí ìbéèrè náà ní kí òun ṣe. Olùkọ́ yóò fa igi sí ìdáhùn rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣirò ni kò mọ̀.

Àbájáde, ìlọsíwájú sí ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àríwísí

Ìròyìn tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde fi hàn pé, ní ìparí kíláàsì kẹfà, àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ṣe dáadáa ju àwọn ti kíláàsì ìfiwéra lọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti Yorùbá, àti pé wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kókó ìkẹyìn yìí ni ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù ni pé ọmọ tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò ní lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sí ẹ̀kọ́ ìṣirò kankan ní Yorùbá, ìdánwò àṣekágbá sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Láìní àmì tí ó dára nínú ìṣirò, ilẹ̀kùn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ìṣègùn àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn yóò tì mọ́ ọmọ náà. Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí fi tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ girama láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n gbà ní èdè kan bá wọn wọ inú èdè kejì. Orúkọ nǹkan nìkan ni wọ́n ní láti kọ́ ní ọ̀tun.

Àríwísí kò ṣàìsí. Àwọn kan sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì ìwádìí ní ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́, nítorí náà kò rọrùn láti mọ èyí tí ó jẹ́ ti èdè àti èyí tí ó jẹ́ ti ìtọ́jú. Àwọn mìíràn béèrè bí orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa yóò ṣe kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, àti ohun tí a ó ṣe ní ìlú ńlá tí àwọn ọmọ kíláàsì kan kò ti sọ èdè kan náà. Ní ọdún 1978 ni ìwádìí náà parí. Ìlànà Orílẹ̀-èdè fún Ètò Ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1977 gbà pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò dé ọdún mẹ́fà tí Ifẹ̀ dán wò.

Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Ibrahim Babangida, Fáfúnwá di mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́. Ọdún náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sùlèjá, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Kí ó tó dé ipò ni a ti ń pèsè ètò náà sílẹ̀. Èrò tí ó bí i ni pé nínú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, ọmọ tí ó tètè lóye ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì máa ń jókòó lásán títí àwọn yòókù yóò fi bá a, tí ìfẹ́ tí ó ní sí ẹ̀kọ́ yóò sì rọ̀. Ní Sùlèjá, ìdánwò ni wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ láti gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ tí ó sì yára ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn lọ.

Ní àkókò kan náà, Ibùdó Ìmọ̀ Ìṣirò ti Orílẹ̀-èdè, tí a dá sílẹ̀ ní Àbújá ní ọdún 1988 lábẹ́ ìdarí James Ezeilo, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibùdó yìí ni ó di ibi tí a ti ń múra àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó mọ ìṣirò jù lọ sílẹ̀ fún ìdíje. Ìgbìyànjú méjèèjì wáyé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ẹ̀kọ́ ìṣirò ti rí ìdàrúdàpọ̀: ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí ìlànà ìṣirò ìgbàlódé tí ó ti wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti àwọn ọdún 1960, nítorí ariwo tí àwọn òbí àti olùkọ́ ń pa lé e lórí.

Ìṣirò Ifẹ̀ àti ti Sùlèjá lè dà bí ohun méjì tí kò bá ara wọn tan. Ti Ifẹ̀ wà fún gbogbo ọmọ, ti Sùlèjá wà fún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí a fi ń yan ọmọ fún Sùlèjá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nígbà tí ohun tí ìwádìí Ifẹ̀ fi hàn ni pé ọmọ tí ó mọ ìṣirò lè wà ní kíláàsì kẹfà kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀, bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi ń wá a. Fáfúnwá fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní ọdún 1992.

Àwọn ìwé rẹ̀

Lára àwọn ìwé tí ó kọ ni New Perspectives in African Education (1967) àti History of Education in Nigeria (1974), èyí tí ó di ìwé ìpìlẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó kọ ìtàn ìwádìí Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Macauley àti Sokoya, nínú Education in Mother Tongue (1989). Ìwé Up and On (1991) ni ó fi sọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ikú àti ipa rẹ̀

Fáfúnwá kú ní Àbújá ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ní ẹni ọdún 87. Ìwádìí Ifẹ̀ ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ní Áfíríkà àti ní òkè òkun máa ń tọ́ka sí nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí èdè ìkọ́ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ti Ifẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé kí Gẹ̀ẹ́sì padà jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ fi ọdún mẹ́fà dáhùn nínú ìwé ìṣirò wọn ti tún di ti ìran mìíràn.